Bí Ẹ Bá Kó Ẹbí Lọ sí Abẹ́òkúta

Ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí gun Òkè Olúmọ nígbà tí ojúbọ wà níbẹ̀?

Èrò tèmi ni pé wíwo ibi ìtàn kì í ṣe ẹbọ. Abẹ́ àpáta yìí ni àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, tí Ṣódẹkẹ́ fi kó wọn tẹ̀dó ní 1830. Ibẹ̀ ni orúkọ ìlú ti wá. Ẹ fi ihò náà han àwọn ọmọ, kí ẹ sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Tí ẹ bá dé ìdí ojúbọ, ẹ má tọrọ nǹkan níbẹ̀, ẹ má fi owó sílẹ̀, ẹ má sì bú ẹnikẹ́ni: Al-Kùránì (Súrà 6:108) kọ èébú bẹ́ẹ̀ fún wa. Òkè náà ga, nítorí náà bàtà tó dúró dáadáa ni kí ẹ wọ̀.

Ọjà àdìrẹ Ìtòkú kò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n máa ń fi okùn so àdìrẹ oníko; ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń ya ọnà sí ẹlẹ́kọ kí aró má baà mú ibẹ̀. Ẹ yí aṣọ padà kí ẹ tó nájà: èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣá ju iwájú lọ.

Bí ẹnìkan bá ní "Kí ló hẹlẹ̀?", "Kí ló ṣẹlẹ̀?" ló ń wí. Ẹ má fi èdè Ẹ̀gbá ṣe yẹ̀yẹ́ o!

Tó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mọ́sáláṣí àgbà Ẹ̀gbá wà ní Kobiti. Ẹ tètè lọ, torí èrò máa ń pọ̀.