Kí lọ́yà tó pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ohun tí òfin sọ

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún ẹni tó bá ń wá agbẹjọ́rò ní Houston, New York tàbí ìlú mìíràn tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní Amẹ́ríkà. Bó bá tan rédíò, ìpolówó lọ́yà ni. Bó bá wo pátákó ẹ̀gbẹ́ títì, àwòrán lọ́yà ni. Oníkálukú ń sọ pé òun mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí òfin kò gbà kí wọ́n máa sọ bó ṣe wù wọ́n, ìyẹn ni pé àwọn jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó gba ìwé ẹ̀rí nínú ẹ̀ka òfin kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ lé lọ́yà tí kò mọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ lè pàdánù owó, kí wọ́n sì tún dá a padà sílé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ èèwọ̀ kí lọ́yà polówó ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1976, lọ́yà méjì ní ìpínlẹ̀ Arizona, John Bates àti Van O'Steen, gbé ìpolówó sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì kọ iye tí wọ́n ń gbà síbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ìpínlẹ̀ náà fẹ́ fìyà jẹ wọ́n, ni ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 1977, adájọ́ 5 nínú 9 sọ pé ìpínlẹ̀ kò lè fòfin de irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ pátápátá, bí kò bá ti sí irọ́ tàbí ẹ̀tàn nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ Gary Peel ti ìpínlẹ̀ Illinois délẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tó fi ń kọ lẹ́tà pé òun gba ìwé ẹ̀rí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ́wọ́ àjọ National Board of Trial Advocacy, tí kì í ṣe ti ìjọba. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Illinois bá a wí ní gbangba. Ní 1990, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a láre, adájọ́ 5 sí 4. Síbẹ̀, wọ́n fi kún un pé ìpínlẹ̀ lè wádìí àjọ tó ń fúnni ní irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, tàbí kó ní kí lọ́yà ṣe àlàyé kún ìpolówó rẹ̀.

Ohun tí òfin béèrè

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló ń wo àwòkọ́ṣe ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà, ABA, tí wọ́n tún ṣe ní 2018. Nǹkan méjì ni àwòkọ́ṣe náà béèrè. Èkíní, àjọ tó fún lọ́yà ní ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí aláṣẹ ìpínlẹ̀ tàbí ABA fọwọ́ sí. Èkejì, orúkọ àjọ náà gbọ́dọ̀ hàn kedere nínú ìpolówó.

Lọ́yà tó kàn sọ pé ẹjọ́ ìwé ìgbélùú lòún ń ṣe kò rú òfin yìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe ló sọ yẹn, kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ti dán an wò.

Ní ìpínlẹ̀ Texas, láti 1974 ni Texas Board of Legal Specialization ti wà fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí wọn gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lọ́yà fún ó kéré tán ọdún 5, kí àwọn lọ́yà àti adájọ́ jẹ́rìí iṣẹ́ rẹ̀, kó sì yege nínú ìdánwò. Ọdún márùn-ún márùn-ún ló sì gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ dọ̀tun. Ní New York, lọ́yà tó gba tirẹ̀ lọ́wọ́ àjọ aládàáni gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn nínú ìpolówó pé kò ti ọwọ́ ìjọba wá.

Kò jọ ti SAN

Ẹ má ṣe fi èyí wé oyè SAN, ìyẹn àgbà amòfin ilẹ̀ Nàìjíríà. Oyè ọlá ni ti SAN, tí wọ́n kọ́kọ́ fún Olóyè Rotimi Williams àti Ọ̀mọ̀wé Nabo Graham-Douglas ní 1975. Kì í ṣe ìwé ẹ̀rí fún ẹ̀ka òfin kan. Ní ti ìpolówó, òfin ìwà àwọn lọ́yà Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007 gbà wọ́n láyè nígbà náà, ṣùgbọ́n ó kọ̀ fún wọn láti máa fi bí iṣẹ́ wọn ṣe dára tó tàbí iye ẹjọ́ tí wọ́n ti jàre polówó.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ "onímọ̀ ìjìnlẹ̀" nínú ìpolówó lọ́yà ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè mẹ́ta ni kó bi í: Ta ló fún ọ ní ìwé ẹ̀rí? Ẹ̀ka òfin wo ló wà fún? Ṣé kò tíì tán lọ́jọ́? Kó wá béèrè lọ́wọ́ àjọ náà bóyá òótọ́ ni. Ìwé ẹ̀rí kò ní kí lọ́yà jàre gbogbo ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ ni lọ́yà tí kò ní in lè mọ iṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé òun ní in, tí kò lè dárúkọ ẹni tó fún un, ẹ má ṣe kówó lé e lọ́wọ́.