Àtúnṣe Férémù Dígí Iwájú Jíìpù Àtijọ́

Jíìpù tí ilé-iṣẹ́ Willys àti Ford ṣe fún àwọn ọmọ ogun láàárín ọdún 1941 sí 1945 ní dígí iwájú tí ó ṣeé ṣí, tí férémù rẹ̀ sì jẹ́ méjì: ti òde, tí a lè dà dé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àti ti inú, tí ó di dígí mú, tí a fi àgbékọ́, ìyẹn irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí, so mọ́ òkè ti òde, kí a lè tì í síwájú fún atẹ́gùn.

Ọ̀tá férémù yìí ni ìpẹtà, nítorí pé omi a máa dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ rọ́bà tí ó ti gbó. Ní ìgbèríko bíi Massè ní Adja-Ouèrè, ní gúúsù Benin, níbi tí àkókò òjò ti ń dé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ewu yìí pọ̀.

Ẹni tí yóò tún un ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ dígí, kí ó ha ìpẹtà dé ojú irin, kí ó gé ibi tí ó ti jẹrà, kí jórinjórin sì fi irin tuntun dí i, ṣùgbọ́n kí ó wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó tó jó o tán, nítorí iná a máa lọ́ irin, férémù tí ó bá sì lọ́ yóò fọ́ dígí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà tí ń dènà ìpẹtà, rọ́bà tuntun, àti dígí alápapọ̀, èyí tí ike tín-ínrín wà láàárín rẹ̀ kí ó má baà fọ́n ká, yóò tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ sùúrù ni; ẹni tí ó bá kánjú kun ọ̀dà lé ìpẹtà yóò tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.