Ṣé O Mọ̀? Orúkọ Kan Náà, Kì Í Ṣe Ẹni Àná

Ṣé o mọ̀ pé Ìkẹjà ni ọmọ Èkó tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú eré básíkẹ́ẹ̀tì ti gbéra? Pápákọ̀ òfurufú tó wà níbẹ̀ ni Hakeem Ọlájùwọ́n ti wọ bàálù lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1980. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà. Sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà.

Ṣé o mọ̀ pé háńdíbọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ ń gbá, tó sì tún ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀? Ó ti tó bí ọmọ ọdún 15 kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó ń ya àwọn òyìnbó lẹ́nu, inú eré wọ̀nyẹn ló ti kó o wá.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé orúkọ ẹgbẹ́ yunifásítì kì í dúró sójú kan? Akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ títí ayé. Lọ́dọọdún ni àwọn kan ń jáde, tí àwọn kan ń wọlé. Ìdí nìyí tí àwọn olólùfẹ́ eré náà fi máa ń tẹ́ ìwé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èṣí kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Wọn á ní ta ló lọ, ta ló dé? Ìbéèrè kẹta ló jù lójú tèmi, òun ni ìwé kì í sì í dáhùn: nínú àwọn tó kù, ta ló ti dàgbà sí i?

Wo ẹgbẹ́ yunifásítì Houston. Ọlájùwọ́n kò gbá ìdíje kankan fún wọn ní sáà àkọ́kọ́. Ní 1981–82 tó wá bẹ̀rẹ̀, pọ́íǹtì 8.3 ló ń kó wálé nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan.

Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Moses Malone, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù, ló fà á mọ́ra bí àbúrò nínú gbọ̀ngán eré Fonde ní Houston. Malone a fi èjìká gbún un, a tì í kúrò lábẹ́ agbọ̀n, a tún ní kó padà wá. Nígbà tí sáà tuntun dé, 8.3 ti di 13.9. Bọ́ọ̀lù tó ń já gbà lábẹ́ agbọ̀n kúrò ní 6.2, ó di 11.4. Lórí ìwé, "Akeem" náà ni wọ́n ṣì kọ. (Ọdún 1991 ló tó fi H síwájú orúkọ náà.)

Ṣé o mọ̀ pé oníròyìn kan, Thomas Bonk ti Houston Post, ló sọ ẹgbẹ́ 1982–83 ní Phi Slama Jama, nítorí bí wọ́n ṣe ń fò sókè ki bọ́ọ̀lù bọ agbọ̀n? Clyde Drexler wà níbẹ̀. Larry Micheaux wà níbẹ̀, àti Michael Young, àti Benny Anders, àti Alvin Franklin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìn-ín-ní. Ìgbà 26 ni wọ́n borí léraléra.

Ó wá ku àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 4 oṣù kẹrin 1983, ní Albuquerque, wọ́n pàdé NC State. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, 52 sí 52. Franklin dúró lórí ìlà ìjù ọ̀fẹ́. Ó jù ú, kò wọlé. Dereck Whittenburg ti NC State wá ju tirẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kò tilẹ̀ dé ìdí agbọ̀n. Lorenzo Charles, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, hán an lójú òfurufú, ó kì í bọ inú irin. 54 sí 52. Ó parí. Títí di òní, ọkàn mi kì í gbà á tí mo bá rí àwòrán yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé Ọlájùwọ́n ni wọ́n fún ní oyè agbábọ́ọ̀lù tó yọrí jù níbẹ̀? Pọ́íǹtì 20, bọ́ọ̀lù 18 tó já gbà. Láti ọjọ́ náà, kò tíì sí ọkùnrin mìíràn tó gba oyè yẹn nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi.

Wàyí o, tẹ́ ìwé orúkọ méjèèjì sílẹ̀, ti sáà yẹn àti ti èyí tó tẹ̀ lé e. Drexler lọ. Micheaux lọ. Ọmọ tuntun ni Rickie Winslow àti Greg Anderson. Ẹni tó bá ka orúkọ nìkan á ní ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Houston tún dé àṣekágbá ní 1984! Georgetown ló nà wọ́n, 84 sí 75. Nínú sáà náà, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní Amẹ́ríkà tó já bọ́ọ̀lù gbà tó Ọlájùwọ́n, 13.5 nínú ìdíje kan. Franklin tí ìjù rẹ̀ kò wọlé lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Pọ́íǹtì 21 ló kó wálé nínú àṣekágbá kejì. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé méjèèjì, lẹ́tà kan kò yẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé pọ́íǹtì méjì náà ló tún pa Houston lẹ́kún nínú àṣekágbá lọ́dún 2025? Florida 65, Houston 63. Emanuel Sharp ni bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn, kò rí i jù. L.J. Cryer àti J'Wan Roberts parí ọdún wọn, wọ́n lọ. Kingston Flemings àti Chris Cenac wọlé. Sharp padà wá. Òun ni mo kọ́kọ́ wá orúkọ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Drexler àti Ọlájùwọ́n tún bá ara wọn nínú ìwé kan? Oṣù kejì 1995 ni, ní Houston náà, nínú ẹgbẹ́ Rockets. Lọ́dún náà ni wọ́n na Orlando Magic ní 4 sí 0 nínú àṣekágbá, wọ́n gba ife.

Ní Ìkẹjà tiwa, àwọn ọmọ tó ń jáde iṣẹ́ àárọ̀ ní ọ̀nà Ọba Akran ní irin kan tí wọ́n kàn mọ́ òpó, láìní àwọ̀n. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń kọ orúkọ sára ògiri fún ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n pa orúkọ ẹni tó ti ríṣẹ́ sí Ọ̀tà rẹ́. Wọ́n fẹ́ pa ti àbúrò kan rẹ́ pẹ̀lú, pé kò wúlò léṣìí. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo ní kó fẹ̀yìn ti ògiri níbi tí wọ́n ti wọn gíga rẹ̀ léṣìí. Ìlà ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ kò ga ju etí rẹ̀ lọ.