Ta Ni Yóò Gbọ́ Ti Ẹni Tí Ń Gbọ́?

Bí ẹrù bá wúwo lórí ènìyàn, àwọn tí ó bá pàdé lọ́nà yóò rí i, wọn yóò sì bá a sọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹrù inú ọkàn kò hàn sí ẹnikẹ́ni, àfi bí ẹni tí ó rù ú bá rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Ní ọdún 1935, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́ àlùfáà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Chad Varah sin òkú ọmọdébìnrin kan tí ó pa ara rẹ̀. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù ni. Ó rò pé àrùn búburú ni, kò sì rí ẹni tí yóò bi léèrè. Ọ̀ràn yìí kò kúrò lọ́kàn àlùfáà náà. Nígbà tí ó di ọdún 1953, ó kéde pé kí ẹni tí ayé bá sú pe òun lórí tẹlifóònù ní ṣọ́ọ̀ṣì òun ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn olùrànlọ́wọ́ wá, wọ́n ń po tíì fún àwọn tí ó dúró dè é, wọ́n sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Láìpẹ́ ó ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tún fẹ́ rí òun mọ́. Etí tí wọ́n ti rí tó wọn. Ní ọdún 1954, ó fa iṣẹ́ náà lé àwọn olùrànlọ́wọ́ náà lọ́wọ́. Báyìí ni ẹgbẹ́ Samaritans ṣe bẹ̀rẹ̀, títí di òní ni àwọn olùtẹ́tísílẹ̀ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ láìgba owó.

Ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé jókòó sí ìdí tẹlifóònù wọn. A ó kọ́kọ́ kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni a ó fi í sábẹ́ ìtọ́jú àgbà kan. Ọjọ́ orí kọ́ ni a fi ń mọ àgbà yìí, bí kò ṣe ìrírí nídìí iṣẹ́. Ẹni ọgbọ̀n ọdún lè máa tọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún sọ́nà.

Kí ni iṣẹ́ àgbà yìí? Èkíní, ó ń jókòó ti ẹni tuntun. Bí ẹni tí ń sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ bá dákẹ́, ẹni tuntun a máa kánjú fi ìmọ̀ràn dí àlàfo náà. Àgbà ni yóò kọ́ ọ láti ní sùúrù, nítorí ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Èkejì, bí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá parí, olùtẹ́tísílẹ̀ gbọ́dọ̀ ròyìn ohun tí ó gbọ́ fún aṣáájú kan kí ó tó lọ sílé. Èyí kì í ṣe òfófó, nítorí àárín ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń dúró sí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìbànújẹ́ ẹni ẹlẹ́ni yóò bá a dé orí ibùsùn rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí òun náà yóò fi máa wá olùrànlọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ọ̀rẹ́ yín bá finú hàn yín, ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ mọ́ ẹ̀mí, ẹ má ṣe dá a rù. Ẹ tètè sọ fún àgbà tí ó ṣeé finú hàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.