Oúnjẹ Ọmọ Iléèwé ní Ọjọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò: Ohun Tí Ẹ Lè Rà, àti Bí Kò Ṣe Ní Í Bàjẹ́ Kó Tó Di Ọ̀sán

Ẹni tó ń di oúnjẹ fún ọmọ lọ sí iléèwé la kọ ìwé yìí fún: ìyá, bàbá, ìyá àgbà, alágbàtọ́, ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́jú àbúrò. Àwọn ará Ọjọ́, Ìbà, Òkòkòmáíkò, Ìgbó-Ẹlẹ́rìn, Àjáǹgbádì àti agbègbè wọn là ń bá sọ̀rọ̀, torí ìṣòro tiwa níhìn-ín ní ojú tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina tàbí Apápá gbọ́dọ̀ ti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àmọ́ Mile 2 ni apá tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí parí sí. Kí ará Òkòkòmáíkò tó dé ibẹ̀, yóò kọ́kọ́ bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títì Àgbádárìgì fà á. Ìdí nìyí tí oúnjẹ tí ọmọ máa jẹ ní aago méjìlá ọ̀sán fi máa ń wà nínú kúlà láti aago márùn-ún ìdájí. Nígbà mìíràn, alẹ́ àná ni wọ́n ti sè é. Àwọn mìíràn kì í sè é rárá: wọ́n á fún ọmọ lówó, ọmọ á ra bisikíìtì àti mínírà lẹ́nu géètì.

A ò ní bá ẹnikẹ́ni wí. A mọ bí ọjọ́ ṣe ń rí fún òbí tó ń jí ní aago mẹ́rin. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé oúnjẹ tó ń mú ara ọmọ le ń wọ ọjà wa lójoojúmọ́. Ẹ ṣírò owó tí ọmọ kan ń ná lẹ́nu géètì láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, kí ẹ wá béèrè iye ẹ̀wà tí owó yẹn máa rà lọ́jà. Ibi tí iṣẹ́ kù sí ni kí oúnjẹ náà dé ọ̀sán láì di àìsàn sí ọmọ lára.

Ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì

NDHS, ìyẹn ìwádìí lórí iye ènìyàn àti ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà títí dé ọdún márùn-ún, 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ló kúrú ju bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Ibà àti aràn wà lára ohun tó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí kò ní èròjà irin náà ń fà á. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó á máa rẹ̀, á máa tòògbé, àwọn kan á sì máa pè é ní ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ àwa òṣìṣẹ́ ìlera kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ẹ̀wà, ẹja, ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́ tútù ní èròjà irin. Ara máa ń tètè gba ti ẹja àti ẹran. Ti ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́, ọsàn, ìbẹ́pẹ tàbí tòmáàtì ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Tíì ń dí i lọ́nà. Nítorí náà, ẹ fi ọsàn kan sínú báàgì ọmọ tó gbé ẹ̀wà lọ, kí ẹ má sì fún un ní tíì pọ̀ mọ́ oúnjẹ yẹn.

Ohun tó ń wọ ọjà wa

Ọkọ̀ àjàgbé ló ń kó ẹ̀wà, ẹ̀pà, àlùbọ́sà àti ata gbígbẹ láti òkè Ọya wá sí ọ̀dọ̀ wa. Àwọn apẹja ọ̀sà ń gbé ẹja wá sí etí omi Ọjọ́. Àgbọn ń bọ̀ láti Àgbádárìgì. Ẹ̀fọ́ wa ò tilẹ̀ rìn jìnnà: ẹni tó bá gba títì Àgbádárìgì kọjá níhà bárékè Ọjọ́ á rí ebè tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti úgú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin péré ni tẹ̀tẹ̀ fi ń tó tu. Èyí tí wọ́n tu ní ìdájí lè dé Ìyànà-Ìbà kí oòrùn tó mú, kò sì sí ẹ̀fọ́ inú firíìjì kankan tó tó o.

Àmọ́ ẹ mọ ibi tí ẹ ti ń rà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín pé: “Omi wo lẹ fi ń wọ́n ọn?” Bó bá jẹ́ omi gọ́tà, ẹ lọ sí ibòmíràn. Ẹ má sì ra ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbìn sí tòsí ibi tí wọ́n ti ń jó wáyà àti àlòkù ẹ̀rọ. Òjé tó ń jáde lára nǹkan wọ̀nyẹn máa ń wọ ilẹ̀, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ tí kò léwu. Sísè ò lè mú un kúrò. Bí ẹ bá ní àyè díẹ̀ nínú ọgbà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀sítéètì Ìbà, ẹ lè gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú díẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ńtì tó kún fún erùpẹ̀ dáadáa.

Bí ẹ bá gbé ẹ̀fọ́ délé, ẹ gé gbòǹgbò rẹ̀ dànù, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ẹni tó bá rẹ́ ẹ tán kó tó ṣàn án ń da fítámì nù. Ìyẹn náà ni ẹni tó bọ̀ ọ́ tán, tó fún omi rẹ̀ títí ó fi gbẹ háúháú.

Nípa ẹ̀wà, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Àwọn kan máa ń da oògùn apakòkòrò sínú ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. NAFDAC ti kìlọ̀ lórí èyí, ó sì gbé ìgbésẹ̀ lọ́dún 2019 láti dá títà ìgò kékeré Sniper, ọ̀kan lára oògùn apakòkòrò bẹ́ẹ̀, dúró. Ẹ̀wà tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ sàn ju ẹ̀wà tó ń rùn bí oògùn lọ. A lè ṣa kòkòrò. Ní ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ wo ìdí rẹ̀: bí ara rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kábáìdì ni wọ́n fi mú un pọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀.

Moinmoin tí kò ní dí yín lọ́wọ́ ní ìdájí

Bí a bá ní ká mú oúnjẹ kan ṣoṣo fún báàgì ọmọ iléèwé, moinmoin àti ẹ̀kọ la máa mú. Ohun tí àgbàdo ò ní nínú èròjà amúdàgbà, ẹ̀wà ní in. Èyí tí ẹ̀wà ò ní tó, àgbàdo fi kún un. Ohun tí àwọn ìyá máa ń sọ fún wa ni pé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, òótọ́ sì ni. Ta ló fẹ́ bó ẹ̀wà ní aago mẹ́rin òru?

Ẹ ṣe iṣẹ́ yẹn ní Sátidé. Ẹ ṣa ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí èèpo rẹ̀ ṣáà ti dẹ̀. Ẹ fọwọ́ ra á, ẹ ṣan èèpo dànù. Ẹ sá a sórí aṣọ mímọ́ nínú oòrùn tó mú, títí tí yóò fi máa dún kẹ́kẹ́ bí ẹ bá fi eyín bù ú. Ẹ wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ tó ń lọ ohun gbígbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́. Ẹ sọ fún un kó gbọn ẹ̀rọ náà dáadáa kó tó da tiyín sí i. Ata gbígbẹ ẹni tó ṣáájú yín lè mú kí ọmọ sunkún lórí oúnjẹ. Ẹ tọ́jú ìyẹ̀fun náà sínú ike gbígbẹ tó ní ìdérí. Bó bá gbẹ dáadáa, kò nílò iná NEPA.

Ní ìdájí, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ po ìyẹ̀fun, ẹ jẹ́ kó fa omi díẹ̀. Ẹ da ata àti àlùbọ́sà lílọ̀ sí i, edé gígún, ẹja yíyan tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀, àti ṣíbí epo pupa kan. Fítámì A tó wà nínú epo pupa ń ṣe ojú ọmọ lóore. Ẹ wé e ní kékeré-kékeré sínú ewé tí ẹ ti fọ̀ níwájú-lẹ́yìn. Èyí tó kéré máa ń tètè jinná. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gún àárín rẹ̀ tí ọ̀bẹ jáde ní mímọ́, ó ti tó. Ewé tàbí abọ́ irin kékeré ni kí ẹ lò. A ò fara mọ́ ọ̀rá, torí pé ọ̀pọ̀ ọ̀rá tí wọ́n ń tà lọ́jà, wọn ò ṣe é fún ohun tó ń hó. Bí bàbá ló máa kẹ́yìn jáde nílé, kí bàbá wé moinmoin.

Láti ìdájí dé ọ̀sán

Kòkòrò àìfojúrí tó ń ba oúnjẹ jẹ́ máa ń yára pọ̀ nínú oúnjẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, láàárín ìwọ̀n ooru 5 àti 60 Celsius. WHO ní kí oúnjẹ sísè má wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ nínú ipò yẹn. Bí ẹ bá bu ìrẹsì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú kúlà ní aago márùn-ún, wákàtí méje ló fi ń dúró de ọmọ. Ìrẹsì gan-an léwu ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Irúgbìn kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí kì í kú bí ẹ bá sè é. Bí ìrẹsì bá wà nílẹ̀ mọ́jú láìsí firíìjì, kòkòrò náà á jí, á sì tú májèlé sínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ kaná láàárọ̀, kòkòrò lè kú, ṣùgbọ́n májèlé náà ò ní lọ. Gbogbo wa la dàgbà bá àṣà gbígbóná oúnjẹ àná, ó sì ṣòro láti fi sílẹ̀ nígbà tí oúnjẹ wọ́n báyìí. Síbẹ̀, bí kò bá sí iná mọ́jú, ẹ se èyí tó máa tán lálẹ́.

Ẹ da omi híhó sínú fùláàsì oúnjẹ, ẹ dé e fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dà á nù, kí ẹ tó bu oúnjẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ bù ú kún. Láti mọ̀ bóyá fùláàsì yín dáa, ẹ dán an wò ní Sátidé: ẹ di oúnjẹ ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ ṣí i ní aago méjìlá. Ó yẹ kí èéfín ṣì máa yọ lára rẹ̀. Bí kò bá yọ mọ́, ẹ má fi ìrẹsì tàbí ẹ̀wà sínú fùláàsì yẹn mọ́. Ohun tí kò nílò ooru ni kí ẹ fún ọmọ: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọsàn tí ẹ ò tíì bó, ẹ̀pà yíyan, búrẹ́dì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀pà odindi, torí ó lè há a lọ́fun.

Mínírà, núúdù àti oúnjẹ tí iléèwé ń pèsè

Ìgò mínírà 50cl lè ní ju gíráàmù 50 ṣúgà lọ, ìyẹn bíi ṣíbí tíì méjìlá. WHO sọ pé ṣúgà báyìí kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 50 lọ lójúmọ́ fún àgbàlagbà, pé 25 ló tilẹ̀ dáa jù. Ìgò kan ṣoṣo ti kọjá ti bàbá, ká má tíì sọ ti ọmọ ọdún mẹ́fà. Omi ló yẹ ọmọ. Ní ti núúdù, ìdajì àpò èròjà rẹ̀ ni kí ẹ lò, torí ibẹ̀ ni iyọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ fi ẹyin àti ẹ̀fọ́ kún un.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ lọ́dún 2016, kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn ọmọ iléèwé aládàáni, tí wọ́n pọ̀ gan-an lágbègbè wa, wọn ò kà wọ́n mọ́ ọn. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ iléèwé tirẹ̀, O-MEALS, lọ́dún 2012, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ẹyin, ẹja àti kókò. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lè ṣe irú rẹ̀ ní kékeré: kí wọ́n bá àwọn tó ń tajà lẹ́nu géètì sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa ta àgbàdo sísè, ọsàn àti ẹyin sísè.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọ

Nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé ohun mímu òfio tí wọn ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fura sí. Ẹ má fún ọmọ lówó ohun mímu tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ kọ́ ọ láti fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó ṣí fùláàsì.

Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ olómi, ẹ po ORS (èròjà iyọ̀ àti ṣúgà inú àpò tí a ń po fún ìgbẹ́ gbuuru) àpò kan mọ́ omi mímọ́ lítà kan, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sí ORS nílé, ẹ da píọ́ wọ́tà oní-50cl méjì sínú abọ́ mímọ́, ẹ fi ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sí i, kí ojú ṣíbí kọ̀ọ̀kan jẹ́ géérégé. Ẹ má ṣe dá oúnjẹ dúró, ẹ má sì dá ọmú dúró fún ọmọ ọwọ́. Ẹ béèrè oògùn síǹkì lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni ọmọ yóò fi lò ó, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dúró.

Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, bí kò bá lè mu omi, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dà bí omi ìrẹsì, tàbí bí ara rẹ̀ bá rọ jọwọrọ, ẹ má dúró de ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ gbé e wá, tàbí kí ẹ pe 767 tàbí 112. Bí oúnjẹ bá ṣẹ́kù nínú fùláàsì rẹ̀, ẹ má dà á nù, ẹ má sì fọ fùláàsì náà. Ẹ gbé e dání bó ṣe wà, kí a lè mọ ohun tí ọmọ jẹ.