Bídọ́ọ̀nù tó di kọ̀ǹpútà

Ní Houinmè, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò ìlú Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, kò sí ẹni tí kò mọ bídọ́ọ̀nù. Òun ni a fi ń pọn omi. Òun ni a fi ń ra òróró lọ́jà. Inú rẹ̀ náà ni epo kpayo máa ń wà nígbà tí wọ́n bá ń gbé e wá láti Nàìjíríà. Bí bídọ́ọ̀nù bá gbó, tí ó ń jò, a máa ń jù ú sí ẹ̀yìnkùlé. Ta ni yóò rò pé odindi kọ̀ǹpútà lè gbé inú rẹ̀?

Kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wà. Ilé rẹ̀ ni bídọ́ọ̀nù ike onílítà 20. Orúkọ rẹ̀ ni Jerry. A kì í lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá fẹ́ ní in, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò jókòó tì í, tí wọn yóò fi ọwọ́ ara wọn tò ó. Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é kò fi ìmọ̀ náà pamọ́. Wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo ayé rí i.

Ibi tí Jerry ti wá

Ní ọdún 2011, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ń pè ní ENSCI, ní ìlú Paris, lórílẹ̀-èdè Faransé, wo àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí àwọn ènìyàn ti kó dànù. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú ẹ̀yà wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tó kù ni àpótí tí wọn yóò kó wọn sí. Wọ́n mú bídọ́ọ̀nù, wọ́n la ojú rẹ̀, wọ́n sì to àwọn ẹ̀yà náà sínú rẹ̀: pátákó pẹlẹbẹ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́, àpótí tí ń pín iná, ẹ̀yà tí ń pa ìwé àti àwòrán mọ́, àti fáànù tí ń fẹ́ ooru jáde. Ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà náà jẹ́ èyí tí a kì í san owó fún, tí ẹnikẹ́ni lè gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn ará Jámánì ni wọ́n ṣe irú bídọ́ọ̀nù yìí ní ọdún 1937, irin ni wọ́n sì fi ṣe é fún àwọn ọmọ ogun wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ó dára ju tiwọn lọ. Wọ́n wò ó, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀. Jerry ni wọ́n máa ń pe àwọn ará Jámánì nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe bídọ́ọ̀nù náà ní bídọ́ọ̀nù Jerry. Nítorí náà, bídọ́ọ̀nù tí a ń lò lónìí pàápàá, àwòkọ́ṣe ló bí i.

Ìmọ̀ bí a ṣe ń to Jerry kò pẹ́ kó tó dé Áfíríkà. Ó dé Kóòtù Dífúà, ó sì dé Bẹ̀nẹ̀. Ní Kútọnu, ilé iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí a ń pè ní BloLab. Médard Agbayazon ni olùdásílẹ̀ rẹ̀. Nínú èdè Fọ̀n, “blo” túmọ̀ sí “ṣe”. Ní BloLab, àwọn ọ̀dọ́ ti to kọ̀ǹpútà sínú bídọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá sì ti to ọ̀kan, ó lè fi han ẹlòmíràn.

Láti ìlú Bath dé Lomé

Tógò, aládùúgbò wa, ní ìtàn tó jọ èyí. Ní ọdún 2012, Sénamé Koffi Agbodjinou, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán ilé, dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Lomé, ó sì pè é ní WoeLab. Ní ọdún 2013, Kodjo Afate Gnikou, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣe ẹ̀rọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ W.Afate. Ẹ̀rọ náà ń yọ́ ike, ó sì ń tò ó lé ara rẹ̀ ní ìpele-ìpele títí tí yóò fi di ohun tí a fẹ́, bí amọ̀kòkò ti ń mọ ìkòkò láti ìdí dé ọrùn. Inú kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí a ti kó dànù ló ti rí púpọ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀.

Gnikou kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ní ọdún 2005, olùkọ́ kan ní yunifásítì ìlú Bath, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Adrian Bowyer, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí irú ẹ̀rọ yìí. Ó sì pinnu pé gbogbo àwòrán rẹ̀ yóò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti lò. Josef Prusa, ọmọ orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì, mú àwòrán náà, ó tún un ṣe, ó sì dá a padà sí gbangba. Ẹ̀dá tí Prusa tún ṣe yìí ni Gnikou wò kó tó ṣe tirẹ̀. Àwọn ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn tún dá owó fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó lè parí iṣẹ́ náà. Ìmọ̀ kan gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta kọjá ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta. Kò dín kù lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ní in, ó sì pọ̀ sí i lọ́wọ́ ẹni tó gbà á.

Ọ̀wẹ̀ tuntun

Àwọn baba wa mọ irú ìṣe báyìí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ ilé tàbí kó ro oko ńlá, a bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn Fọ̀n ń pe tiwọn ní dọnkpẹ. Olúkúlùkù a mú ọkọ́ tirẹ̀ wá, iṣẹ́ tí ì bá gba ẹnì kan ní oṣù kan a sì parí ní ọjọ́ díẹ̀. Ẹgbẹ́ orí tẹlifóònù, irú èyí tí a ń dá sílẹ̀ lórí WhatsApp tàbí Facebook, lè jẹ́ ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó wà ní Houinmè lè bá ẹni tó wà ní Kétu, ní Ìbàdàn tàbí ní Paris ṣe ọ̀wẹ̀ kan náà.

Àwọn àgbà sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìyá tó ń se ọṣẹ mọ ìwọ̀n òróró, ṣùgbọ́n ó lè má mọ bí a ṣe ń ya fídíò. Ọmọ rẹ̀ mọ tẹlifóònù bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n kò se ọṣẹ rí. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó pọ̀, ohun tí ìyá náà mọ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Bákan náà ni fún ẹni tó ń tún rédíò ṣe, ẹni tó ń sin ehoro, tàbí ẹni tó ń fi àjákù aṣọ rán àpò.

Níbi yìí ni mímọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà ti wúlò jù lọ. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwọ̀n òróró kan ṣoṣo ní láti tún gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a kọ sílẹ̀ yàtọ̀. Ojú lè padà sórí rẹ̀ nígbàkígbà. Ẹni tó bá fẹ́ pín iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè kọ ohun márùn-ún:

1. Ohun tí ó ṣe.
2. Àwọn ohun èlò tí ó lò, àti ìwọ̀n wọn.
3. Iye owó tí ó ná.
4. Ibi tí iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àti bí ó ṣe tún un ṣe.
5. Ewu tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kọ mẹ́ta àkọ́kọ́, wọn a sì fi méjì tó kù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni méjì yìí ló ṣe pàtàkì jù.

Ọ̀rọ̀ tí kò gbọdọ̀ sọnù

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí bídọ́ọ̀nù. Ká ní ẹnì kan kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé: “Ẹ mú bídọ́ọ̀nù àtijọ́, ẹ fi ọ̀bẹ gbígbóná la ojú rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí dà bí òtítọ́, ó sì rọrùn láti tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ní Àjàṣẹ́, bídọ́ọ̀nù àtijọ́ tó súnmọ́ ọwọ́ lè jẹ́ èyí tí epo kpayo ti wà nínú rẹ̀. Bí a tilẹ̀ da epo náà nù, oruku rẹ̀ tí ojú kò rí ṣì wà nínú bídọ́ọ̀nù. Bí iná tàbí irin gbígbóná bá kàn án, ó lè gbiná kó sì bú gbàù lójú ẹni tó dì í mú. Fífi omi ṣan án lẹ́ẹ̀kan kò tó láti lé oruku náà lọ. Bídọ́ọ̀nù omi tàbí ti òróró jíjẹ ni kí a lò. Ayùn kékeré ni kí a fi gé e, kì í ṣe iná.

Ewu kejì wà nínú àpótí tí ń pín iná fún kọ̀ǹpútà. Àpótí náà lè mú iná dání sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ iná kò gbọdọ̀ tú u rárá. Odindi rẹ̀ ni kó gbé sínú Jerry. Ewu kẹta ni ti wáyà tí àwọn kan máa ń sun láti yọ bàbà inú rẹ̀. Èéfín rẹ̀ jẹ́ májèlé fún ẹni tó ń sun ún àti fún ọmọ tó ń ṣeré nítòsí.

Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà ló lè sọ ibi tí ewu wà. Ẹni tó kàn gbọ́, tó sì ń sọ ọ́ kiri, kò lè mọ ọ̀rọ̀ tó ti já bọ́ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ tó gbọ́n ni: “Ṣé ìwọ fúnra rẹ ti ṣe é?”

Ìròyìn náà ní ìbéèrè tirẹ̀

Ẹgbẹ́ kan náà tó ń pín iṣẹ́ ọwọ́ ni ìròyìn ń gbà kọjá. Níbẹ̀, ìbéèrè náà yí díẹ̀: “Ṣé ìwọ fúnra rẹ rí i? Níbo? Lọ́jọ́ wo?” Àwòrán iná tó jó ọjà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè padà wá lónìí pẹ̀lú orúkọ ọjà mìíràn. Ìyàwó ilé kan a sáré jáde, oníṣòwò kan a ti ìsọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí iná kankan. Òfin Bẹ̀nẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó jáde ní ọdún 2018, fi owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n lélẹ̀ fún ẹni tó bá tan irọ́ kálẹ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí ẹyin ni. Bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Ṣùgbọ́n ìròyìn tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ lágbára. Ní oṣù Keje ọdún 2018 kan náà, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe àṣẹ kan pé kí a máa gba fráǹkì 5 lórí mégà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi wo WhatsApp, Facebook àti irú wọn. Mégà 100 yóò wá di fráǹkì 500 lórí iye tí a ti ń san tẹ́lẹ̀. Àṣẹ náà ní ọjọ́, ó ní nọ́ńbà, ẹnikẹ́ni sì lè kà á fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn kà á, wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n sì pín ìṣirò náà. Wọ́n kọ gbólóhùn Faransé kan káàkiri, “Taxe pas mes Mo”, èyí tó túmọ̀ sí pé kí a má ṣe bu owó orí lé mégà wọn. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án fi máa parí, ìjọba ti fa àṣẹ náà sẹ́yìn.

Bí ó bá jẹ́ àhesọ ni wọ́n ń pín, ì bá rọrùn láti dá wọn lóhùn pé irọ́ ni. Iye tó wà nínú ìwé àṣẹ gan-an ni wọ́n gbé jáde, kò sì sí ẹni tó lè sẹ́ ẹ.

Bídọ́ọ̀nù àtijọ́ kò ṣọ̀wọ́n ní Houinmè. Tẹlifóònù wà nínú àpò ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun kékeré kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ dáadáa. Kó kọ ọ́ ní ìlà márùn-ún, kó kà á fún ẹnì kan nínú ilé, kó sì wò ó bóyá onítọ̀hún lè tẹ̀ lé e láìbéèrè. Bí ẹni náà bá béèrè ohun kan, ọ̀rọ̀ kan ti sọnù nìyẹn. Kó fi kún un kó tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.