Bí Ẹ Bá Ń Sùn ní Abà

Ẹ̀yin ará wa, oorun inú igbó ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Benin, igbó ńlá kan wà tí à ń pè ní Pendjari. Kìnìún, erin, ẹfọ̀n àti erinmi ń gbé ibẹ̀. Kí ewu àwọn ajínigbé tó dé ibẹ̀ ní ọdún 2019, àwọn àlejò láti ilẹ̀ Faransé àti ibòmíràn a máa sanwó gọbọi kí wọ́n lè sùn nítòsí ẹranko. Àwa ará Ìdáàṣà ń sùn nínú igbó ní abà wa, ẹnikẹ́ni kò sì gba owó lọ́wọ́ wa!

Kò sí kìnìún láàrin àwọn òkè wa. Ejò ni kí a ṣọ́ra fún. Abẹ́ òkúta àti inú pàlàpálá àpáta ni ó ń sá pamọ́ sí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó ń jáde. Kí ni ó ń wá dé inú abà? Kì í ṣe ènìyàn. Eku ni. Kí ni eku ń wá? Àgbàdo, ẹ̀pà àti èérún oúnjẹ. Nítorí náà, ẹ gbálẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ má ṣe to àgbàdo sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ń sùn.

Ẹ má sùn sórí ilẹ̀. Ẹ fi igi kan ibùsùn. Ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ẹ sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní yípo. Àwọ̀n náà ń dínà fún ejò àti àkeekèé pẹ̀lú. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná. Iná a máa kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ jáde lóru, ẹ gbọn bàtà yín kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì.

Ejò kúkúrú kan wà tí ó ń fi ìpẹ́ ara rẹ̀ ha ara wọn. Ó ń dún bí àkàrà tí a sọ sínú epo gbígbóná. Oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tí ó bù jẹ lè rò pé ara òun ti yá; lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde ní ìdí eyín rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Bí kò bá dì, oró ti wọ ara. Abẹ́rẹ́ tí a ṣe fún oró ejò ni ó lè pa á.

Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí ojú ibẹ̀. Ẹ má fi okùn dì í pinpin. Òkúta dúdú tí a ń lẹ̀ mọ́ ọn kò lè fa oró jáde. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ fi igi di ẹsẹ̀ náà bí ẹsẹ̀ tí ó kán, kí ó má baà mira. Ẹ má jẹ́ kí ó rìn. Ẹ gbé e sórí alùpùpù, kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láti dì í mú. Ẹ má fi àkókò ṣòfò wá ejò náà kiri.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ní abẹ́rẹ́ yìí, owó rẹ̀ sì wọ́n. Kí ẹ tó di ẹrù abà, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ibi tí ẹ ti lè rí i. Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ sára ògiri abà. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.